Àṣìṣe tó ń ba àyẹ̀wò omi kànga epo jẹ́ kó tó dé Ifẹ̀

Ifẹ̀ kò ní òkun. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ibẹ̀ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí omi tí àwọn kànga epo ń dà sókun á gba Oǹdó àti Òkìtìpupa dé Igbókọ̀dá, á wá wọ ọkọ̀ ojú omi. Ojú ọ̀nà yẹn ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́, ẹ̀rọ láàbù kò sì lè tún un ṣe.

Omi yìí ló máa ń bá epo rọ̀bì jáde lábẹ́ ilẹ̀. Bí wọ́n bá yọ epo rẹ̀ tán, èyí tó ṣẹ́kù ṣì ní epo díẹ̀, kẹ́míkà bíi benzene àti phenol, àti irin bíi barium nínú.

Ẹ má fi ike bù ú. Epo á lẹ̀ mọ́ ike, iye tí ẹ máa kà á sì dín. Gíláàsì ni ti epo. Ike oní-nitric acid ni ti irin.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kí wọ́n fi omi tí wọ́n fẹ́ bù ṣan ìgò. Ìyá wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, ó sì dáa nínú ilé. Ṣùgbọ́n epo inú omi àkọ́kọ́ á kù sára gíláàsì, á wá kún ti èkejì. Ìgò tó ti mọ́ láti láàbù ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ kán áásìdì sí i kí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó) wálẹ̀ dé 2, kẹ́ ẹ sì gbé e sínú kúlà oníyìnyín, kí kòkòrò àìfojúrí má baà jẹ epo náà tán lójú ọ̀nà.

Ẹ má bu omi nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Àwọn kan tún wà tí owó ọkọ̀ ń ká lápá kò, odò ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ti bu omi, wọ́n á wá kọ “ojú òkun” sára ìwé. Epo ọkọ̀ àwọn apẹja wà nínú odò yẹn. Ta ló fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti kànga?

Àfiwé gan-an ni wọ́n ti ń ṣìnà jù. Ní àríwá ìlà-oòrùn Àtìláńtíìkì, OSPAR, àjọ tó ń dáàbò bo òkun ibẹ̀, ní kí epo inú omi yìí má ju mílígíráàmù 30 lọ nínú lítà kan. Ẹnu páìpù, kí omi tó wọnú òkun, ni wọ́n ti ń wọn ìyẹn, epo tó ń léfòó kiri nìkan ló sì kàn. Ẹni tó bá bu omi òkun lásán, tó rí mílígíráàmù 1, tó wá kọ ọ́ pé ewu kò sí, kò tíì wọn nǹkan kan. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tí omi náà ń ṣe nínú òkun gan-an, ní Norway, wọ́n máa ń fi àgò gbé mussel (ẹ̀dá òkun oníkarawun méjì) sínú òkun nítòsí ibi tí omi náà ń bọ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n á wá yẹ ẹran ara rẹ̀ wò.