Ínǹṣì 5 ló kó mi sí gbèsè

Owó tí mo ná sórí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi mi láàárín oṣù mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdámẹ́ta owó tí mo fi rà á. Ínǹṣì 5 péré ló fà á. Inú ṣì ń bí mi.

Dáàmù Èrò ní Ìkún-Èkìtì ni mo ti ń dẹ àwọ̀n. Ọkọ̀ pákó mi kò tóbi, ẹsẹ̀ bàtà 14 ni, ìdí rẹ̀ tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnì kọ́ sì ga ní ínǹṣì 15. Àjẹ̀ ni mo fi ń wà á títí èjìká mi fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo lọ sí Èkó, mo ra tòkunbọ̀ kan, agbára ẹṣin 8. Mo bi ẹni tó tà á bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀, apá tó ń wọnú omi, kò gùn jù. Ó ní bákan náà ni gbogbo wọn. Irọ́ ni! Ẹlẹ́sẹ̀ ínǹṣì 15 wà, ẹlẹ́sẹ̀ 20 wà, 20 ló sì tà fún mi. Ó tún tàn án lójú mi lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó ń pariwo, inú mi ń dùn, mi ò mọ̀ pé rọ́bà ìmpélà tó ń fa omi tútù sínú ẹ́ńjìnì kì í pẹ́ jóná tí kò bá sí omi.

Bí wọ́n ṣe ń dè é mọ́ ọkọ̀ kò le. Pípo ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù náà, ẹni tó bá ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré rí mọ̀ ọ́n: tèmi, mílílítà 100 sí lítà 5.

Kò sí wàhálà nígbà òjò. Ọyẹ́ dé, omi dáàmù fà. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì tó fi ínǹṣì 5 wọlẹ̀ jù wá ń fa ẹrẹ̀ àti iyanrìn mọ́ omi. Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì tí omi ń gbà tú jáde bí ìtọ̀ ọmọdé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìtọ̀ náà tín-ín-rín, ó sì dá. Mo pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, mo fi àjẹ̀ wa ara mi dé èbúté. Mo ṣe ìyẹn dáadáa, torí ooru ì bá mú kí písítìnì há sínú ẹ́ńjìnì.

Ìmpélà ló ti bàjẹ́, ibi tí mo ti ń wá òmíràn ni ojú mi ti rí nǹkan. Mo yí Adó-Èkìtì ká, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pààtì ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀. Ọ̀kan fẹ́ ta rọ́bà mọ́tò fún mi. Mo pe ará Èkó yẹn. Ó fi ọ̀kan ránṣẹ́, mo lọ gbà á ní gáréèjì ní Ìdó-Èkìtì: ó tóbi ju ife tó ń gbé inú rẹ̀ lọ. Mo dá a padà, owó mi ni mo fi rán an. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí ìkejì tó dé. Èyí wọlé, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lórí àtẹ, àwọn ìka rọ́bà rẹ̀ tó ń gbá omi le gbagidi. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fi jáde tí ìka kan já, tí èérún rẹ̀ sì lọ dí ojú ọ̀nà omi. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá a, bóòtù kan lára ẹ́ńjìnì sì kán mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìlàjẹ, tó ń pẹja lọ́dọ̀ wa ló bi mí pé, “Àbúrò, ṣé o ka nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnì fún wọn?” Mi ò kà á. Ó wà lára irin tó di ọkọ̀ mú. Ó pe Ìgbókòdá, ó ka nọ́ńbà náà. Lọ́jọ́ kẹta, ìmpélà dé pẹ̀lú ife rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ kékeré tó ń dì í mú.

Èmi fúnra mi ni mo dè é. Mo fi gírísì pa á, mo ń yí i sí ọwọ́ ọ̀tún bí mo ṣe ń tì í wọlé kí gbogbo ìka rẹ̀ lè tẹ̀ sí apá kan. Mo ki ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì bọ dọ́rọ́ọ̀mù omi, mo fa okùn rẹ̀ láti tàn án. Omi tú jáde fàà! Mo pariwo débi pé ìyàwó mi sáré jáde.

Kò ní pẹ́ bàjẹ́ padà bí mo bá fi ẹsẹ̀ gígùn yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kápẹ́ńtà fi pákó ìrókò gbé ìdí ọkọ̀ ga ní ínǹṣì 5, ó fi bóòtù dè é já. Irin pẹlẹbẹ tó wà lókè abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì, èyí tó ń ti ọkọ̀ lọ, wá dọ́gba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, abẹ̀bẹ̀ á máa fa afẹ́fẹ́.

Ẹ̀yin tó fẹ́ rà, ẹ mú téèpù dání, kí ẹ wọn ìdí ọkọ̀ yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ẹ́ńjìnì fún yín láìsí dọ́rọ́ọ̀mù omi. Kí ìmpélà kejì wà nílé kí ọyẹ́ tó dé. Tèmi ti wà nínú àpótí báyìí. Ẹni tó tà á fún mi kò gbé fóònù mi mọ́.