Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí ẹ bá ń gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba, àti bí iléèwé bá ń gba tiyín

Ohun tí òfin fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ̀ ń fowó rà, èyí tó ní kí wọ́n bá yín pa mọ́ lẹ sì ń há fáyé. Láti Sábó Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, àṣìṣe kan náà ni. Òfin FOI, tó fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé tó wà lọ́wọ́ ìjọba, ti wà láti ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2011; òfin ààbò dátà, tó ní kí wọ́n dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa èèyàn tó wà lọ́wọ́ wọn, láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023. Mi ò ní ṣàlàyé wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ; ibi tí owó yín ń gbà lọ ni mo fẹ́ tọ́ka sí.

1. Gbígba lọ́yà kí ẹ tó kọ lẹ́tà. Òfin FOI ò ní kí lọ́yà kọ lẹ́tà ìbéèrè. Kò ní kí ẹ lọ búra ní kóòtù, kò ní kí ẹ ra fọ́ọ̀mù, kò tilẹ̀ ní kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn, ó sì lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fún un ní ẹ̀dà. Ẹ fi owó lọ́yà pa mọ́ ná. A óò dé ibi tó ti wúlò.

2. Bíbéèrè ọ̀rọ̀ dípò ìwé. "Kí ló dé tí wọn ò parí kíláàsì àwọn ọmọ wa?" Ẹ lè bi wọ́n bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé PTA, kò dára nínú lẹ́tà FOI, torí ẹni tó gbà á lè fi gbólóhùn kan dá yín lóhùn, kí ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Ẹ dárúkọ ìwé: "Mo fẹ́ ẹ̀dà ìwé àdéhùn iṣẹ́ kíláàsì mẹ́ta tí wọ́n gbé jáde fún iléèwé báyìí-báyìí, BOQ rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìparí iṣẹ́, àti fáúṣà gbogbo owó tí wọ́n san fún agbaṣẹ́ṣe láti oṣù Kìíní sí oṣù Kejìlá 2024." BOQ, ìwé tó to gbogbo ohun èlò iṣẹ́ náà àti iye rẹ̀, ni kí ẹ má gbàgbé láéláé. Òun ló ń sọ bí irin ṣe nípọn tó, irú páànù tí wọ́n fẹ́ kàn, àti iye ilẹ̀kùn. Bí BOQ bá ní irin 12mm ni wọn yóò fi di òpó, tí ẹ wá ń wo 10mm tó yọrí síta lókè ògiri, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún yín mọ́.

3. Kíkọ lẹ́tà síbi tí ìwé ò sí. Ẹ óò máa kọ̀wé sí káńsù lórí kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé SUBEB, àjọ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ní Ìbàdàn ló sábà ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣì í, tí wọ́n ní "kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa", ẹ má kàn yí padà lọ sílé. Bí wọ́n bá mọ ibi tó tọ́ sí, láàrin ọjọ́ 3, kó má sì ju 7 lọ, ni kí wọ́n fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ síbẹ̀ kí wọ́n sì kọ̀wé sí yín pé àwọn ti ṣe é.

4. Fífi lẹ́tà lé mẹ́séńjà lọ́wọ́. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ sí rẹ́jísírì. Wọ́n gba ọ̀kan. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lu èkejì, kí ọjọ́, orúkọ àti ìbuwọ́lùwé ẹni tó gbà á wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lọ sí póòsìtì, ẹ fi EMS, ìfìwéránṣẹ́ kíákíá wọn, ránṣẹ́, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Láìsí èyí, kò sí ọjọ́ kankan tí a lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ọjọ́ kíkà yìí gan-an ló ń bí mi nínú jù. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fún yín níwèé tàbí kí wọ́n kọ̀wé kọ̀. Bí ìwé náà bá pọ̀ jù, wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Bí wọ́n bá dákẹ́, òfin kà á sí pé wọ́n ti kọ̀. Láti ìgbà náà, ọjọ́ 30 lẹ ní láti dé ilé ẹjọ́ gíga, ì báà jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀.

Kí làwọn èèyàn wa ń ṣe? Wọ́n ń kọ lẹ́tà ìránnilétí. Wọ́n kọ àkọ́kọ́, wọ́n kọ èkejì, ẹnìkan ní òun mọ ọ̀gá ibẹ̀, ọ̀gá ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn Iléyá, wọ́n padà lọ, ọ̀gá ti lọ fún kọ́ọ̀sì l'Ábùjá. Gbogbo ìrìnàjò yẹn ò dá ọjọ́ dúró. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Wọ́n gba lẹ́tà yín ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta. A kì í ka ọjọ́ tí wọ́n gbà á, nítorí náà ọjọ́ keje bọ́ sí ọjọ́ 9. Bí wọn ò bá fèsì, ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ni ọjọ́ 30 yín pé. Ẹ ka Sátidé, ẹ ka Sọ́ńdè, ẹ ka ọjọ́ ọdún. Ẹni tó bá ń yọ wọ́n kúrò ń tan ara rẹ̀. Bí ẹ bá ti kọjá a, kóòtù lè fi ọjọ́ kún un fún yín, àmọ́ ìwé ẹ̀bẹ̀ mìíràn nìyẹn, pẹ̀lú owó mìíràn, adájọ́ sì lè kọ̀. Ibi tí owó lọ́yà ti wúlò rèé: ẹ lọ bá a ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn tí wọ́n gba lẹ́tà yín, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Lẹ́tà ìránnilétí ò burú fúnra rẹ̀ o. Ẹ kọ ọ́ bó bá wù yín, ṣùgbọ́n kí ẹ ti máa to ìwé ẹjọ́.

Àti "ọ̀gá ní kò ṣeé ṣe". Ẹ má gba ìyẹn. Ẹni tó bá kọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó dárúkọ apá òfin tó dì mú, kí ó kọ orúkọ àti ipò rẹ̀, kí ó sì buwọ́ lù ú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìwé máa ń jáde ní kété tí wọ́n bá gbọ́ pé orúkọ ẹnìkan yóò wà lábẹ́ rẹ̀. Bí kóòtù bá rí i pé wọ́n kọ̀ láìtọ́, ₦500,000 ni owó ìtanràn.

Owó fọ́tókọ́pì àti owó títẹ̀ nìkan ni wọ́n lè gbà. Owó fáìlì àti "owó wíwá a" kò sí nínú òfin.

Ẹni tó bá ṣì ń sọ pé FOI ò kan ìjọba ìpínlẹ̀ ti sùn jù. Àwọn ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kì í fẹnu kò lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti yanjú rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2025: ó kan gbogbo wọn.

Ẹ má fi FOI béèrè èsì ìdánwò ọmọ ẹlòmíràn, àdírẹ́sì tíṣà tàbí ìwé ìlera rẹ̀. Owó oṣù àti ipò òṣìṣẹ́ ìjọba yàtọ̀. Òfin ní kí wọ́n máa gbé ìyẹn síta fúnra wọn. Ìbéèrè ìdánwò àti ìdáhùn rẹ̀ náà ò ṣeé béèrè.

FERPA tí ẹ ń kọ sínú lẹ́tà yín, òfin Amẹ́ríkà ti 1974 lórí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹ yọ ọ́.

Ó ku ti iléèwé. Bó bá jẹ́ ìwé ọmọ tiyín, tó wà lọ́wọ́ iléèwé aládàáni, òfin ààbò dátà ni kí ẹ fi béèrè: ẹ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n kọ nípa ọmọ yín, láti gba ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n sì tún èyí tó bá ṣì ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ni iléèwé, ẹ yé lẹ orúkọ àwọn ọmọ tó jẹ owó sórí WhatsApp òbí. Gbèsè náà ò ní torí ẹ̀ yá, àwọn òbí sì lè fẹjọ́ yín sun NDPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó òfin ààbò dátà, tí owó ìtanràn rẹ̀ lè dé ₦2,000,000 (₦10,000,000 fún iléèwé tí NDPC bá kà mọ́ àwọn tó ń tọ́jú dátà pàtàkì) tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún yín lọ́dún, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Fọ́tò ọmọ tí ẹ fi ń polówó ìgbàwọlé náà ń kọ́? Ìyọ̀ǹda òbí lẹ gbọ́dọ̀ gbà. Dídákẹ́ òbí kì í ṣe ìyọ̀ǹda, ẹni tó bá sì ti fọwọ́ sí i lè yí ọkàn padà lọ́la.

Kí ẹ tó ta ìwé àtijọ́, ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé ni wọ́n fi ń di àkàrà: pásípọ́ọ̀tù ọmọ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, nọ́ńbà fóònù bàbá wà lókè, jẹ́nótáìpù rẹ̀ wà nísàlẹ̀, òróró ti rin ín. Ọ̀rọ̀ ìlera ni jẹ́nótáìpù, òfin sì dáàbò bò ó ju orúkọ lásán lọ. Ẹ fà á ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tàbí kí ẹ sun ún.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí kafé fún JAMB, ímeèlì tiyín ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí oníkafé ṣe fún ogún èèyàn pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Kí ẹ tó dìde, ẹ jáde nínú ímeèlì, ẹ ṣí fódà Downloads, ẹ pa ìwé NIN yín àti slip rẹ́, kí ẹ sì sọ Recycle Bin dòfo.