Ẹ Má Fi Sìmẹ́ńtì Rẹ́ Ikùn Ààrò Gàrí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yan gàrí lórí ààrò tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín mọ la kọ ìwé yìí fún. A ò ní sọ̀rọ̀ ògiri ààrò, a ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń gbé agbada lé e. Ẹ mọ ìyẹn jù wá lọ. Ikùn ààrò, níbi tí iná ti ń jó gan-an, ni ọ̀rọ̀ wà.

Láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọ̀pọ̀ ààrò tí a yẹ̀ wò, sìmẹ́ńtì la ń bá nínú wọn. Ó ń dán, ó wu ojú, bíríkìlà sì ti gbowó rẹ̀ lọ. Kí oṣù méjì tó pé, ó ti ń bó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ní abúlé kan, búlọ́ọ̀kù tó gbé etí agbada dúró ló bẹ́ lójú iná. Agbada fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gàrí tó ti ń gbẹ bọ̀ dà sínú eérú, ó sì jó ìyá tó ń yan án lẹ́sẹ̀.

Omi wà nínú sìmẹ́ńtì, bó ti wù kó le tó. Iná á lé omi náà jáde. Bí ààrò bá tutù, ọ̀rinrin á tún wọ ibẹ̀, á wú, á sì di ẹbu. Ẹ ìbáà po àpò méjì dípò ẹyọ kan, bákan náà ni. Ẹ lè fi rẹ́ ẹ̀yìn ààrò lóde, a ò bá yín jà. Àwọn kan tún ń fi páànù àlòkù tẹ́ inú rẹ̀. Bí iná bá mú ohun tí wọ́n fi bo páànù yẹn, èéfín rẹ̀ ń fa ibà.

Ilẹ̀ ọ̀gán ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ fọ́ ọ, ẹ jọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wọn garawa 2. Iyanrìn odò tó rí hàràhàrà, garawa 1. Èèpo ìrẹsì gbígbẹ, ìdajì garawa. Tí kò bá sí, ẹ gé koríko gbígbẹ ní ìnṣì kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá bò ó mọ́jú, kẹ́ ẹ sì tún un tẹ̀ láàárọ̀.

Amọ̀ Ìjẹ̀bú kì í ṣe amọ̀ Òkè-Ògùn, nítorí náà ẹ dán an wò ná. Ẹ ṣù ú sí mẹ́ta bíi bíríkì kékeré: ọ̀kan ní ìwọ̀n iyanrìn garawa 1 sí ilẹ̀ ọ̀gán garawa 2, èkejì ní ìwọ̀n iyanrìn 1½, ẹ̀kẹta ní 2. Ẹ fi wọ́n sí ibòji fún ọjọ́ 4. Èyí tí kò sán, tí kò sì rún lọ́wọ́, òun ni tiyín.

Ẹ wọ́n omi sí ara ògiri kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ. Ìnṣì 1 lọ́jọ́ kìíní. Ẹ fi ṣíbí ha ojú rẹ̀. Ìnṣì 1 sí i lọ́jọ́ kejì. Ní ẹnu ààrò tí igi ìdáná ti máa ń kọ lù ú, ẹ jẹ́ kó tó ìnṣì 3.

Ibi tó kù yìí ni ìkánjú ti ń bà á jẹ́. Ọjọ́ 14 gbáko lábẹ́ ibòji, láìsí iná kankan. Ẹ má sọ fún wa pé ọjọ́ ọjà ti kò. Ààrò tó tutù nínú kò mọ ọjọ́ ọjà. Ní ọjọ́ 15, ṣùkù àgbàdo nìkan, ìṣẹ́jú 30, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wákàtí 1. Lọ́jọ́ kẹta, wákàtí 2. Ọjọ́ kẹrin lẹ tó lè ki igi bọ̀ ọ́.

Bó bá sán bí irun orí, ẹ fi í sílẹ̀. Bí etí owó kọ́bọ̀ bá lè wọ ibi tó sán, ẹ po amọ̀ yẹn kó ṣàn díẹ̀, kẹ́ ẹ fi dí i nígbà tí ààrò bá tutù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ paná, ẹ fa igi jáde. Ẹ má da omi sínú ikùn ààrò gbígbóná láé. Amọ̀ tó bá ṣẹ́ kù, ẹ sá a gbẹ, kẹ́ ẹ dì í sínú àpò. Òun lẹ ó fi lẹ ibi tó bá ṣí ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn.