Kí Ẹ Tó Dá Owó Igi Tó Sún Mọ́ Wáyà Iná

Igi tó dá dúró láàárín oko kì í ṣòro dá lówó. Ẹ ó wo gíga rẹ̀, ẹ ó wo bó ṣe tóbi tó, ẹ ó bá agégi ná owó gígé rẹ̀, ó parí. Èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ ti sún mọ́ wáyà iná kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tirẹ̀ ní ìdádúró nínú, ó ní okùn nínú, ó sì ní ẹ̀mí èèyàn nínú.

Wáyà wo ni?

Ẹ gbójú sókè kí ẹ tó pe agégi. Èyí tó ti orí òpó wọ ilé sábà máa ń gbé 230 fólítì, àwọn tó gba àdúgbò kọjá ń gbé 415. Àwọn mẹ́ta tó wà ní téńté orí òpó lè gbé 11,000 tàbí 33,000. Iná tiwọn kò dúró dìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, ó lè fò mọ́ni. Kí èèyàn, àkàbà àti àdá jìnnà sí wọn tó mítà 3, ó kéré tán. Omi wà nínú ẹ̀ka tútù, ìdí nìyẹn tí igi fi ń gbé iná wọ ara ẹni tó dì í mú.

Bí ẹ̀ka bá ti kan wáyà orí òpó, ẹ má dá owó rárá. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tó ń pín iná lágbègbè yín, kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó ń gé igi lójú ọ̀nà wáyà wá ṣe é. Bí ẹ̀ka kò bá tíì débẹ̀, ṣùgbọ́n tó lè já lù ú, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá pa iná lọ́jọ́ iṣẹ́.

Owó pọ́ọ́kú

Nígbà kan, mo gbé iṣẹ́ máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa fún ẹni tó gba ìdajì iye tí àwọn yòókù pè. Inú mi dùn. Nígbà tí mo dé, ó ti wà lókè pẹ̀lú àdá, ó ní wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sọ̀kalẹ̀. Kò tíì bọ́ okùn nídìí nígbà tí gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa tàn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí wọ́n yọ nínú owó rẹ̀ ni ọjọ́ tí à bá fi dúró de ẹni tó máa pa iná. Àìsí iná kọ́ ni pípa iná. Kódà jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí wọn kò so dáadáa lè rán iná padà sínú wáyà.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀

Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí, ẹ fi ti àdúgbò yín rọ́pò wọn. Ká ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 15,000 náírà lójúmọ́. Nítorí pé okùn ni wọ́n máa fi sọ ẹ̀ka kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kan di ọjọ́ méjì: 90,000. Ẹ̀rọ agégi, epo àti ọ́ìlì fún ọjọ́ méjèèjì, 40,000. Kíkó ẹ̀ka dànù, 25,000. Àpapọ̀ jẹ́ 155,000. Bí agégi bá fẹ́ gbé igi náà lọ tà fún àwọn tó ń fi dáná, ẹ yọ owó rẹ̀. Bó bá tó 20,000, ẹ ó san 135,000.

Ẹ sọ ọ́ ṣáájú pé bí àwọn òṣìṣẹ́ bá dé tí ilé iṣẹ́ iná kò tíì wá pa iná, ẹ ó san ìdajì owó ọjọ́ náà, wọn kò sì ní gun igi. Agégi tó bá mọ̀ pé òun ò ní pàdánù kò ní kánjú. Ẹ kọ ẹni tó máa tún wáyà tàbí páànù ṣe bí ẹ̀ka bá já lù ú sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ sì di owó díẹ̀ mú títí wọn óò fi kó ẹ̀ka tán.

Bí wáyà bá já

Kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn, kí ẹ má sì fọwọ́ fa ẹni tí iná bá mú. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, kí ẹ pe ilé iṣẹ́ iná lójú ẹsẹ̀. Ẹ ti kọ nọ́ńbà wọn sára ògiri kí agégi tó gun igi.