Bí mo ṣe sọ kẹ̀kẹ́ tó ń ká di oníná láì náwó rẹpẹtẹ

Kẹ̀kẹ́ tókùnbọ̀ ni mo rà, irú èyí tó ń ká sí méjì, táyà rẹ̀ kéré, irin sì ni gbogbo ara rẹ̀. Mọ́kọ́lá ni mò ń gbé, ibi iṣẹ́ mi sì wà nítòsí Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn á mọ̀ pé àbọ̀ ló le jù, nítorí òkè tí èèyàn máa gùn kó tó dé Mọ́kọ́lá. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ kò jọ ara rẹ̀ mọ́. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kẹ̀kẹ́ tí n óò gùn débi iṣẹ́ láì làágùn, tó sì jẹ́ pé bí òjò bá ká mi mọ́ ọ̀nà, mo lè ká a jọ sínú búùtù Micra kí n máa lọ sílé.

Ìpinnu kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀: mo lè ṣọ́wó ná lórí ohun gbogbo, àfi bátìrì àti irin tó máa di mọ́tò (ìyẹn ẹ̀rọ oníná tó ń yí táyà) mú. Kẹ̀kẹ́ lè jẹ́ tókùnbọ̀. Mọ́tò lè jẹ́ èyí tó dínwó jù. Àpò tí bátìrì máa wà lè jẹ́ èyí tí aránṣọ àdúgbò rán. Ṣùgbọ́n ohun méjì yẹn, ara ni wọ́n ń ṣe léṣe bí wọ́n bá bàjẹ́, kì í ṣe àpò nìkan.

Kí n tó ra ohunkóhun, rúlà ni mo kọ́kọ́ mú. Táyà iwájú ni mo fẹ́ gbé mọ́tò sí, torí pé ibẹ̀ ló rọrùn jù: kò sí ṣéènì, kò sí jíà. Ẹ yọ táyà iwájú, kí ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin tó di táyà iwájú mú. Kẹ̀kẹ́ tó pọ̀ jù jẹ́ 100 mìlímítà, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀kì àwọn kẹ̀kẹ́ kan tó ń ká, bíi Brompton àti ọ̀pọ̀ Dahon, jẹ́ 74 péré. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún 100 kò lè wọ 74 láéláé, èyí tó sì máa wọ̀ ọ́ wọ́n jù ú lọ. Tèmi jẹ́ 100, inú mi dùn gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, mo wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Táyà tí gbogbo ayé ń pè ní ínṣì 20, oríṣi méjì ni, 406 àti 451 (ìwọ̀n rímù ní mìlímítà), rímù ọ̀kan kò sì gba táyà èkejì. 47-406 ló wà lára tèmi.

Ohun kẹta ni fọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Mo yọ mágínẹ́ẹ̀tì lára sípíkà rédíò tó ti kú, mo gbé e sún mọ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì, ló bá lẹ̀ ṣìnkìn. Irin ni. Ká ní kò lẹ̀ ni, álúmíníọ̀mù nìyẹn, mi ò bá má gbé mọ́tò síwájú rárá, nítorí álúmíníọ̀mù kì í tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Bó bá ti sú u, ó kàn máa já lójijì ni.

Mọ́tò oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ tí wọ́n ń gbé sáàárín táyà. Ọ̀kan kò ní jíà nínú, ó tóbi, ó wúwo, bí iná bá sì tán lójú ọ̀nà, ṣe ló máa ń fa èèyàn sẹ́yìn. Èkejì ní àwọn jíà kéékèèké nínú, ó fúyẹ́, bí ẹ bá pa á, táyà á máa yí bíi pé kò sí mọ́tò níbẹ̀. Èkejì yìí ni mo mú, fóòtì (volt) 36, wáàtì (watt) 250. Nílẹ̀ Yúróòpù àti nílùú Ọba, wáàtì 250 àti eré kìlómítà 25 ní wákàtí kan ni òfin gbà fún kẹ̀kẹ́ oníná tí kò nílò láísẹ́ńsì. Ìdí nìyẹn tí irú mọ́tò yẹn fi kún ọjà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Mọ́tò tó pọ̀ jù lọ́jà, táyà ínṣì 26 ni wọ́n ṣe é fún: ó ń yí bí ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú kan, táyà ńlá yẹn á sì rìn tó mítà méjì lójú yíyí kan. Ìyẹn máa fún èèyàn ní eré kìlómítà 25. Bí ẹ bá gbé mọ́tò kan náà sínú táyà 406, tí kò rìn ju mítà kan ààbọ̀ àti díẹ̀ lọ lójú yíyí kan, eré á já sí bíi 19. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí ẹ má rà á, kí ẹ wá èyí tó ń yí ní 260. Èmi ò gbà. Agbára tí eré fi sílẹ̀ yẹn, orí òkè ló ń lọ, bẹ́ẹ̀ òkè ni ìṣòro mi. Mọ́tò náà kì í gbóná, kì í fa iná púpọ̀, ó sì dínwó. Fún ẹni tó ń gùn láàárín ìlú bí Ìbàdàn, mi ò rò pé ohun tó dára ju ìyẹn lọ wà. Mo ra èyí tí wọ́n ti fi sípóòkù so mọ́ rímù 406, òun àti kọ̀ntírólà ámípíà 15 (àpótí kékeré tó ń darí iná láti bátìrì sí mọ́tò), bíréèkì tó ń pa mọ́tò bí ẹ bá ti fún un, àti tìrótù tí àtàǹpàkò ń tẹ̀, ìyẹn ohun tí a fi ń fún mọ́tò níná. Ẹ má ra tìrótù tí wọ́n ń yí bíi ti ọ̀kadà. Bí ẹ bá ń fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ lọ, ọwọ́ lè ṣèèṣì yí i, kẹ̀kẹ́ á sì já mọ́ yín lọ́wọ́.

Bátìrì wá kù. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe iná sólà. Bó ṣe gbọ́ pé kẹ̀kẹ́ ni, ó ní, “Àbúrò, mo ní sẹ́ẹ̀lì láàpútọ́ọ̀pù níbí, owó rẹ̀ ò tó nǹkan.” Mo ní, “Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tuntun ni kẹ́ ẹ bá mi lò, kó sì jẹ́ pé pọ̀ ni wọ́n jọ wá.” Kì í ṣe pé mo lówó. Sẹ́ẹ̀lì láàpútọ́ọ̀pù tí wọ́n tú jáde, ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba. Bí wọ́n bá so wọ́n pọ̀, èyí tó ti gbó á kọ́kọ́ tán, á tún kọ́kọ́ kún, ààyè àkúnjù yẹn sì ni iná ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní London, láti ìparí oṣù kẹta ọdún 2025 ni wọn kò ti gba kẹ̀kẹ́ oníná tí kò ṣe é ká láàyè nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, lẹ́yìn tí ọ̀kan gbiná ní ibùdó Rayners Lane. Ẹ rò ó wò pé inú yàrá tí ọmọ sùn sí ló ti ń gba iná.

Sẹ́ẹ̀lì tí mo mú ni LiFePO4 (oríṣi bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan) onínọ́ńbà 32700, irú èyí tó wà nínú iná sólà ojú títì. Ó wúwo díẹ̀ ju ti láàpútọ́ọ̀pù lọ, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́, kì í sì í yára gbiná. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 3.2, ámípíà-wákàtí 6. Méjìlá tí wọ́n so tẹ̀léra di fóòtì 38.4, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ bíi wáàtì-wákàtí 230. Ẹ̀gbọ́n yẹn fi mítà wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lójú mi, ó dá èyí tí kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu padà sínú páálí, ó wá fi pánù níkẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ wẹ́ẹ̀dì wọn pọ̀. Mi ò jẹ́ kó fi lẹ́ẹ̀dì jó o, nítorí ooru ayọ́nlẹ́ẹ̀dì ń ba inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ó fi BMS sí i, ìyẹn bọ́ọ̀dù iná kékeré tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kó má baà kún jù tàbí gbẹ jù. Ṣájà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ fóòtì 43.8. Ṣájà fóòtì 42 pọ̀ nínú ọjà, ti bátìrì irú ti láàpútọ́ọ̀pù nìyẹn. Ẹ má pààrọ̀ wọn láé, pàápàá kí ẹ má fi 43.8 sára bátìrì tó ń fẹ́ 42.

Ọjọ́ tí mo gbé mọ́tò sí fọ́ọ̀kì, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Irin àárín mọ́tò nípọn mìlímítà 12, ṣùgbọ́n wọ́n ti fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì di 10, kó lè jókòó sínú ẹnu fọ́ọ̀kì láì yí. Bí mọ́tò ṣe ń ti táyà síwájú, bẹ́ẹ̀ ni irin yẹn ń jà láti yí sẹ́yìn. Bó bá rí ààyè yí pẹ́nrẹ́n, á ya ẹnu fọ́ọ̀kì, á já wáyà, táyà sì lè bọ́ lórí eré. Wẹ́dà gé irin pẹlẹbẹ méjì fún mi, ó gbẹ́ ihò mìlímítà 10 sí orí wọn, ó ń fi fáìlì fá a díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé e wọ irin mọ́tò, ó ń yọ ọ́, títí tó fi jẹ́ pé òòlù kékeré la fi kàn án wọlé. Ìdí irin náà, mo fi kílíìpù tí mẹkáníìkì fi ń de híósì rádíétọ̀ dè é mọ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Owó tí wẹ́dà gbà kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn kan ń gbé mọ́tò sí fọ́ọ̀kì láì ní irin yìí, ó sì ń dùn mí nígbà tí mo bá rí i.

Wáyà mọ́tò tèmi gbọ́dọ̀ jáde lápá òsì. Bí ẹ bá gbé e sódì, ẹ máa gbọ́ tí mọ́tò ń hó nínú, táyà kò sì ní yí, torí jíà inú rẹ̀ kì í fi ọwọ́ ẹ̀yìn ti táyà.

Wáyà lára kẹ̀kẹ́ tó ń ká gba sùúrù ju mọ́tò lọ. Oríkèé méjì ló wà: ọ̀kan láàárín ara kẹ̀kẹ́, ọ̀kan nídìí háńdù. Mo kọ́kọ́ fi téèpù lẹ wáyà gbogbo mọ́ra fún ìgbà díẹ̀, mo ká kẹ̀kẹ́, mo tú u, mo tún ká a, mo ń wo ibi tí wáyà ti ń fà àti ibi tí irin ti ń há a mọ́. Ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, mo fi wáyà sílẹ̀ kó gùn bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbà tí mo rí i pé kò fà mọ́ ni mo tó dè é pa. Gbogbo ojú ibi tí wáyà ti so pọ̀, ilẹ̀ ni mo kọ wọ́n sí, kí omi òjò lè ro dànù. Kọ̀ntírólà àti bátìrì wà nínú àpò lẹ́yìn ìjókòó. Ìwúwo ẹ̀yìn yẹn ń bá ti mọ́tò iwájú dọ́gba, bátìrì sì ṣe é yọ gbé wọ ọ́fíìsì.

Bí ẹ bá so bátìrì mọ́ kọ̀ntírólà nígbà àkọ́kọ́, iná á ta pàù lẹ́nu pílọ́ọ̀gì. Kì í ṣe àléébù, kàpásítọ̀ inú kọ̀ntírólà ló ń fa iná lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó ń jó ẹnu pílọ́ọ̀gì bó bá pẹ́. Pílọ́ọ̀gì kan wà tí wọ́n ń pè ní XT90-S, rẹ̀sísítọ̀ kékeré wà nínú rẹ̀ tó ń dènà ìyẹn. Òun ni mo lò. Mo gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè kúrò nílẹ̀, mo rọra tẹ tìrótù, táyà yí. Mo fún bíréèkì, mọ́tò kú lójú ẹsẹ̀. Bíréèkì yìí ni kí ẹ dán wò kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́ náà rárá. Mo ti pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì méjèèjì sí tuntun ṣáájú, torí kẹ̀kẹ́ ti wúwo ju bó ṣe wà lọ.

Lórí òkè Mọ́kọ́lá, mò ń wa pẹ́dà díẹ̀, mọ́tò ń ṣe ìyókù, èémí mi kò sì yí padà. Mo dúró lókè pátápátá, mo fọwọ́ kan mọ́tò: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kò gbóná. Mo yẹ nọ́ọ̀tì àti kílíìpù wò níbẹ̀, kò sí èyí tó tú. Mo ṣì ń yẹ̀ wọ́n wò lópin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Bátìrì tó bá kún ń gbé mi rìn tó bíi 20 kìlómítà, bí mo bá ń wa pẹ́dà pẹ̀lú rẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ mi kò jẹ ẹ́ tán. Yúníìtì iná kan tí a ń rà sórí mítà á kún un ju ìgbà mẹ́ta lọ, ṣájà ámípíà 2 sì ń gbà tó wákàtí mẹ́ta, nítorí náà bí NEPA bá mú iná wá fúngbà díẹ̀, ó tó mi. Ojú mi ni mo ti ń fi ṣájà sí i, lórí sìmẹ́ǹtì, jìnnà sí aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì, mi ò sì ń fi í sílẹ̀ sùn. Iná iwájú àti ti ẹ̀yìn ló kù tí mo fẹ́ fi sí i báyìí, kí n lè máa gùn ún bọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú.