Títọ́jú Ẹni Tí Jẹjẹrẹ Fa Omi Sí Awọ Ẹ̀dọ̀fóró Rẹ̀

Awọ méjì ló bo ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ọn, ìkejì lẹ̀ mọ́ egungun ìhà, omi tí kò kún ṣíbí méjì sì wà láàárín wọn kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Bí jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró bá ràn dé ibẹ̀, omi yẹn lè di lítà kan, méjì, aláìsàn á wá máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ikọ́ ife náà ń fa irú rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n yẹ omi náà wò. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ lè má rí jẹjẹrẹ tó wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń gbé e láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ṣágámù, ẹ má tẹ́ ẹ gbalaja sẹ́yìn ọkọ̀. Kó jókòó, kó gbé ìrọ̀rí sórí itan, kó tẹ̀ síwájú gbé apá lé e. Bó bá fẹ́ dùbúlẹ̀ nílé, ẹ̀gbẹ́ tí omi wà ni kó fi lélẹ̀.

Wọn kì í sábà fa omi náà ju lítà 1.5 lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ẹbí á ní, "Dókítà, ẹ kúkú fà á tán." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀: ẹ̀dọ̀fóró tó ti fún pọ̀ tipẹ́, bó bá ṣí lójijì, òun fúnra rẹ̀ lè gba omi sára. Bí ikọ́ líle bá dé, tàbí àyà ń fún un, kó sọ lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n lè ti rọ́bà bọ àyà rẹ̀ láàárín egungun ìhà, kí omi máa gba ibẹ̀ dà sínú ìgò. Ìgò yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́ jù. Ilẹ̀ ni kó wà. Ẹni tó gbé e ga ju àyà lọ ń dá omi padà sínú aláìsàn. Ẹnu rọ́bà gbọ́dọ̀ rì sínú omi ìgò tó sẹ̀ńtímítà 2, kí atẹ́gùn má gba ibẹ̀ wọlé. Bó ti ń mí, omi inú rọ́bà á máa gòkè, á máa sọ̀kalẹ̀. Tó bá dúró, ẹ wò ó bóyá rọ́bà ti ká tàbí ó sùn lé e, kí ẹ sì pe nọ́ọ̀sì. Bí omi ìgò bá ń hó, ẹ má so rọ́bà pa: atẹ́gùn ló ń jáde, bí ẹ bá dí i mọ́nú, á tún tẹ ẹ̀dọ̀fóró mọ́lẹ̀. Bí ìgò bá fọ́, ẹ ti ẹnu rọ́bà bọ omi mímọ́ kíákíá.

Tí omi bá ń padà wá, wọ́n lè gba inú rọ́bà da àtíkè ilé ìwòsàn sí i (kì í ṣe ti ọmọ ọwọ́ o) kí awọ méjèèjì lè lẹ̀ pọ̀. Ibà àti ìrora lè tẹ̀ lé e fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Nílé, ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ojú rẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ rírọ̀ dáa, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ikùn tó kún ń ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, gàrí sì máa ń wú nínú. Bí ètè bá dúdú, tàbí kò lè parí gbólóhùn kan láìdúró mí, ẹ wá ọkọ̀.