Bí mo ṣe yẹ p53 wò nínú jẹjẹrẹ ìfun ńlá

Búlọ́ọ̀kù ìda 12 ni dókítà kan gbé wá bá mi ní láàbù lọ́jọ́ Ajé kan. Ẹran tí wọ́n gé lára ìfun ńlá àwọn tó ní jẹjẹrẹ ló wà nínú wọn, ó sì fẹ́ mọ bí purotéènì p53 ṣe pọ̀ tó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rẹ síláìdì láwọ̀, àmọ́ mi ò tíì dá fi áńtíbọ́dì, ìyẹn purotéènì tó máa ń wá ohun kan pàtó rí tó sì máa ń dì í mú, ṣiṣẹ́ rí.

Bí ọlọ́dẹ àdúgbò ni p53 rí. Bí DNA sẹ́ẹ̀lì bá bàjẹ́, òun ló máa ń dá sẹ́ẹ̀lì náà dúró títí wọ́n á fi tún un ṣe, bí kò bá sì ṣeé tún ṣe mọ́, ó lè mú kí sẹ́ẹ̀lì náà kú. Ọdún 1979 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i, wọ́n sì rò pé ó wà lára àwọn tó ń fa jẹjẹrẹ. Inú jẹjẹrẹ ìfun ńlá gan-an ni ẹgbẹ́ olùwádìí Bert Vogelstein, ní yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, ti fi hàn lọ́dún 1989 pé adènà jẹjẹrẹ ni, àti pé jíìnì rẹ̀ ló ń bàjẹ́.

Mo gé ẹran náà ní ìnípọn máíkírọ́mítà 4. Ó fẹ́lẹ́ débi pé bí mo bá mí sí i, yóò ká. Mo jẹ́ kó léfòó lórí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kó lè tẹ́, mo fi síláìdì gbé e, mo sì yọ ìda kúrò.

Síse ló le jù. Fọ́málìn tí wọ́n fi tọ́jú ẹran máa ń so purotéènì mọ́ra, áńtíbọ́dì kì í sì rí ibi dì mú. A gbọ́dọ̀ se síláìdì nínú omi citrate pH 6 fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ìdè náà tó tú. Lọ́jọ́ yẹn, iná lọ kí síse tó dé ìdajì. Mo rò pé ooru tó kù nínú omi á parí iṣẹ́, mo bá ń bá a lọ.

Ibi tí p53 bá wà ló yẹ kó yọ búráùn, kí ìyókù jẹ́ búlúù, àmọ́ búlúù nìkan ni gbogbo síláìdì jáde. Ọkàn mi bàjẹ́, torí ẹran àwọn kan nínú àwọn aláìsàn náà kéré, ège tí mo bá sì fi ṣòfò kò ní padà wá. Síláìdì ìfiwéra ló kó mi yọ. Mo ti fi ẹran jẹjẹrẹ kan tí a mọ̀ pé p53 kún inú rẹ̀ sáàárín wọn, òun náà ò sì ní búráùn kankan. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ló kùnà. Ká ní mi ò fi í sí i ni, ìròyìn irọ́ ni mi ò bá kọ nípa ènìyàn 12.

Lọ́jọ́rú, mo tan jẹnẹrétọ̀ kí n tó gbé omi kaná. Mo kán DO-7, áńtíbọ́dì tó ń di p53 mú, sí i fún wákàtí kan, mo fi áńtíbọ́dì kejì tó ń di ti àkọ́kọ́ mú, tó sì gbé ẹ́ńsáìmù dání, tẹ̀ lé e, DAB, kẹ́míkà tí ẹ́ńsáìmù náà ń sọ di búráùn, ló kàn. Síláìdì ìfiwéra wà lábẹ́ maikirosíkóòpù bí mo ṣe ń kán an. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ni núkílíọ́sì, ìyẹn inú sẹ́ẹ̀lì níbi tí DNA wà, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ búráùn, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, títí wọ́n fi rí bí ẹ̀pà tí a yan dúdú. Mo pariwo.

Èyí tó pọ̀ jù nínú síláìdì àwọn aláìsàn náà ló kún fún búráùn. Ara sẹ́ẹ̀lì tó dá máa ń wó p53 kíákíá bó ṣe ń ṣe é, nítorí náà díẹ̀ la máa ń rí. Èyí tí jíìnì rẹ̀ bàjẹ́ kì í tètè wó, ó kàn ń ṣù jọ ni: ọlọ́dẹ kún òpópónà, gbogbo wọn sùn.

Nọ́ńbà 7 ò ní búráùn rárá nínú jẹjẹrẹ náà. Mo fi pẹ́ńsùlù kọ "kò ní àléébù", mo sì gbé e lọ bá ọ̀gá wa.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wò ó."

Wọ́n wò ó pẹ́. "Má tíì kọ nǹkan kan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí jẹjẹrẹ náà ká ńkọ́? Ṣé o wò wọ́n?"

Mo wò wọ́n. Búráùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ wà lára àwọn kan nínú wọn. Àwọ̀ mú dáadáa, jẹjẹrẹ náà ni kò ní p53 kankan. Jíìnì rẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé kò lè ṣe purotéènì tó pé mọ́, kò sí ọlọ́dẹ ní òpópónà rárá. Ọ̀pọ̀ ìwádìí àtijọ́ ló pín in sí "ó mú àwọ̀" àti "kò mú àwọ̀" nìkan, wọ́n sì ń ka irú nọ́ńbà 7 mọ́ àwọn tó dá. Ó dùn mí pé èmi náà fẹ́ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún dókítà náà pé p53 kọ́ la fi ń yan oògùn fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Purotéènì mẹ́rin tó ń tún àṣìṣe DNA ṣe, ìyẹn MLH1, PMS2, MSH2 àti MSH6, ni ká yẹ̀ wò bó bá fẹ́ mọ ẹni tí oògùn tó ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara jí lè wúlò fún. Ó ní kí n ṣe ìyẹn tẹ̀ lé e.

Mo fi írésà pa ohun tí mo kọ síwájú nọ́ńbà 7 rẹ́, mo sì kọ ọ́ tuntun: "p53 kò sí rárá, sẹ́ẹ̀lì àyíká mú àwọ̀."